Ọwọ́ ilẹ̀kùn kọ́ ló ń kán, ilẹ̀kùn ló ń ṣẹ́ ẹ

Èrò ọkàn mi rèé o. Bọ́ọ̀sì Toyota HiAce 1998 ni mo fi ń kó búrẹ́dì kiri Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tí à ń fà. Tuntun ni mo ń rà, ó ṣì ń dán nínú ọ̀rá. Kò sí èyí tó lo oṣù mẹ́rin.

Bàbá panẹ́ẹ̀lì-bítà kan ló là mí lójú. Bàbá ò tiẹ̀ wo ọwọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n fi ìka kan ti ilẹ̀kùn. Kò mira. Rólà ìsàlẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ kékeré tí ilẹ̀kùn fi ń yí, ti jẹ; rélì, irin tí rólà ń gbà, gbẹ táútáú, gírísì ò kàn án láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo wàhálà tó yẹ kí rólà gbé, ọwọ́ oníke yẹn ló ń gbé e. Báwo ni kò ṣe ní kán?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò àgbà, ẹ jọ̀ọ́, rólà àti rélì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra tòkunbọ̀. Ọwọ́ tó ti wà lára mọ́tò fún ogún ọdún tí kò kán, mo fọkàn tán an ju tuntun tí a ò mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ ó rí i ní Aráròmí ní Gate, tàbí ní Ládipọ̀ ní Mushin. Ṣùgbọ́n ẹ mú èyí tó kán dání lọ! Apá òsì ni ilẹ̀kùn fífà àwọn mọ́tò Japan àti ti ìlú Ọba sábà máa ń wà, torí apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà. Àwa ti bọ́ sápá ọ̀tún láti oṣù kẹrin ọdún 1972, torí náà ọwọ́ ti apá òsì lè má bá ilẹ̀kùn yín mu.

Ẹ tún yẹ ike kékeré inú ilẹ̀kùn wò, èyí tó so ọwọ́ mọ́ irin tín-ín-rín. Tó bá já, ilẹ̀kùn ò ní ṣí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ò ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó dáa la ti sọ nù báyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọwọ́ ti inú. Àwọn dáńfó Volkswagen wa, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì lọ́dún 1979, púpọ̀ nínú wọn ò ní in mọ́. Okùn ni wọ́n fi de ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìyá kan tó gbé ọmọ sí ẹsẹ̀, tó ń na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kó lè ṣílẹ̀kùn láti ìta. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ní, "Ìyá, ẹ fà á sókè díẹ̀." Tó bá jẹ́ pé iná ló sọ ńkọ́?