Orúkọ Toyota lára páálí kọ́ ló ń sọ fílítà ọ́ìlì di ojúlówó

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún sáfíìsì, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò ní ṣàì gbọ́: "Ẹ ra órijínà o. Fílítà tí kì í bá ṣe ti Toyota, á ba ẹ́ńjìnnì jẹ́." Ọ̀pọ̀ onímọ́tò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ débi pé tí wọ́n bá ti rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wọn lára páálí, wọn kì í wo nǹkan mìíràn mọ́. Ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn fún ayédèrú.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni pé, orúkọ ta ló wà lára fílítà: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni, àbí ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé fílítà ni iṣẹ́ tiẹ̀? Èkejì ni pé, ṣé ẹni tó ni orúkọ yẹn ló ṣe é lóòótọ́, àbí wọ́n jí orúkọ rẹ̀ lò? Lọ́jà, "órijínà" ni wọ́n ń pe ìdáhùn méjèèjì. Mann, Mahle, WIX, Bosch: kò sí èyí tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tà nínú wọn, síbẹ̀ ojúlówó ni fílítà tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn ṣe. Páálí tí wọ́n sì kọ Toyota sí gàdàgbà lè jẹ́ gbàrọgùdù látòkè délẹ̀. Orúkọ tí gbogbo èèyàn ń béèrè ni oníjìbìtì máa ń tẹ̀ sára páálí; kò sí èrè fún un nínú orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn kì í sábà ṣe fílítà. Wọ́n ń gbé e fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, wọ́n á wá tẹ orúkọ tiwọn sí i. Denso, tó ti inú Toyota jáde ní 1949, wà lára àwọn tó ń ṣe fún Toyota. Ní Jámánì, Mahle, Mann+Hummel àti Hengst ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú ti àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì ń ta tiwọn lọ́tọ̀ ní páálí tiwọn. Ẹ wá wo ti Honda. Fílítà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 15400-PLM-A01, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fílítà FRAM ní Amẹ́ríkà ló ṣe é fún wọn. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 15400-RTA-003, Japan ló ti ń wá. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni méjèèjì ń wọ̀, Honda ló ń tà wọ́n, àmọ́ ìkọ́lé inú wọn yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá ń wá "fílítà Honda órijínà," èwo ló ń wá nínú méjèèjì?

Nítorí náà, inú agolo fílítà ló yẹ ká wò. Ẹ mú ti Corolla 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, tí nọ́ńbà Toyota rẹ̀ jẹ́ 90915-YZZF2. Àwọn ihò kéékèèké tó yí ojú agolo ká ni ọ́ìlì ń gbà wọlé. Á gba inú bébà tí wọ́n ká ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po kọjá, láti ìta bébà wá sáàárín, á sì gba ihò ńlá tó ní okùn síkirù jáde lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Bébà yẹn ni asẹ́. Ìdọ̀tí tó ń dá ọgbẹ́ sí bẹ́ríǹ (ibi tí àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì ti ń yí) lára kéré púpọ̀: máíkírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan, fọ́nrán irun orí kan sì tó nǹkan bí 70. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 4548-12, òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó dára fi ń sọ bí fílítà wọn ṣe ń sẹ́ tó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé 99% ní máíkírọ́ọ̀nù 20, ó ní ìtumọ̀. Bí wọ́n bá kọ 99% lásán láìsọ máíkírọ́ọ̀nù mélòó, kò sọ nǹkan kan fún yín, torí kò sí fílítà tí kò lè mú òkúta wẹ́wẹ́.

Ibí yìí ni ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ ń wó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò ní kí bébà sẹ́ ju ti ẹlòmíì lọ. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan lè yan bébà tó fẹ̀ díẹ̀ kí ọ́ìlì lè máa sàn geere, ilé-iṣẹ́ fílítà kan á sì yan èyí tó ń sẹ́ kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀yìn bébà ni róbà pẹlẹbẹ kan tó bo àwọn ihò kéékèèké náà láti inú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọ́ìlì wọlé, kó má sì ṣàn padà sílẹ̀ tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì. Bí róbà yìí bá gan, ọ́ìlì á ti ṣàn tán kí ilẹ̀ tó mọ́; tí ẹ bá ṣíná láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ kákáká fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta, iná ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù á sì pẹ́ kó tó kú. Róbà dúdú tí wọ́n sábà ń lò tètè máa ń gan nínú ooru ju ti silicone lọ, tó sábà máa ń pọ́n tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn. Ọ̀pọ̀ fílítà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló ní ti silicone. Ẹ lè fojú ara yín rí i bí ẹ bá yọjú wo inú àwọn ihò náà ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó.

Ohun kẹta ni fáàfù tí sípíríǹgì dì mú. Tí bébà bá dí, tàbí tí ọ́ìlì bá tutù tó sì ki, fáàfù yìí á ṣí, ọ́ìlì á gba ẹ̀gbẹ́ bébà kọjá láìsẹ́. Ó sàn kí ọ́ìlì tí a kò sẹ́ dé bẹ́ríǹ ju kó má rí ọ́ìlì rárá lọ. Agbára tí fáàfù fi ń ṣí yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnnì dé ẹ́ńjìnnì. Subaru ni àpẹẹrẹ tó hàn jù: tiwọn le gan-an, ó tó nǹkan bí psi 23 lára fílítà wọn kan (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì), nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò dé ibẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní Subaru, kó rí i dájú pé ẹni tó ṣe fílítà kọ iye psi rẹ̀, kó sì bá ti ọkọ̀ mu. Bí kò bá rí i, kó ra ti Subaru. Àwa náà á gbà níbẹ̀ pé ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló dára jù.

Ayédèrú wá ńkọ́? Òun ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, orúkọ yòówù kó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá gé e, ẹ lè bá bébà tí ìṣẹ́po rẹ̀ kò pọ̀, tó jìnnà síra, tí gọ́ọ̀mù kò sì mú etí rẹ̀ dáadáa, kí ọ́ìlì kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Nínú òmíràn, kò sí fáàfù rárá, tàbí kí róbà má bo ihò. Nínú ọjà bíi Ládípọ̀ ní Muṣin, ẹ má ṣe jẹ́ kí páálí nìkan dá yín lójú. Ẹ fi nọ́ńbà ara agolo wé ti páálí, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ fi ìka kan okùn síkirù inú ihò ńlá: ó yẹ kó mọ́, kó má ní ègé irin. Ẹ tẹ róbà ìta, kó rọ̀, kó sì jókòó nínú ojúbọ̀ rẹ̀ yíká. Ẹ fi bírò tẹ róbà inú láti ojú ihò kékeré; ó yẹ kó tẹ̀, kó sì padà. Ẹ mi agolo náà, kí nǹkan kan má ṣe máa ró nínú rẹ̀. Fílítà WIX tàbí Mann tó yege nínú gbogbo èyí sàn ní ìlọ́po mẹ́wàá ju "Toyota" tí ìnkì ara rẹ̀ ń ràn mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Àwọn tó wà lókè òkun ń gbọ́ ẹ̀dà mìíràn: pé wáráńtì á bàjẹ́ bí fílítà kò bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss, ti 1975, kò gba ilé-iṣẹ́ láyè láti fi wáráńtì de èèyàn mọ́ fílítà tiwọn, àyàfi tí wọ́n bá ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kàn tọ́jú rìsíìtì fílítà àti ọ́ìlì, kí ẹ kọ ọjọ́ àti máìlì sí i.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan "fílítà tí kì í ṣe órijínà" ló jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó dè é ló ti bàjẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni róbà àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá de tuntun lé e, róbà méjì á pọ̀ lórí ara wọn, á dà bí ẹni pé ó le, ṣùgbọ́n tí ọ́ìlì bá ti ní agbára, á tú jáde, ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ fi ìka àti àkísà nu ojú ibẹ̀, kí ẹ rí róbà àtijọ́ lára fílítà tí ẹ tú. Ẹ̀kejì ni okùn síkirù. Ìwọ̀n ti Toyota yìí jẹ́ 3/4-16 (íǹṣì ni), ti Honda jẹ́ M20x1.5 (mìlímítà ni). Fílítà Honda lè wọ ẹnu ti Toyota díẹ̀, kó sì dà bíi pé ó mú, àmọ́ kò dì mú dáadáa. Ó lè fò yọ lójú títì. Ẹ má ṣe gba "ó jọ ọ́, á wọ̀ ọ́" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá fẹ́ dè é: ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa róbà lára, ẹ fi ọwọ́ yí i títí róbà á fi kan ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sí i. Ẹ má lo sípánà fílítà láti de. Títú ni wọ́n ṣe é fún. Ọ́ìlì 1ZZ-FE jẹ́ lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà. Ẹ ṣíná, iná ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ pa á, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó fa géèjì yọ.

Ti Corolla 2009 sókè, tó ní ẹ́ńjìnnì 2ZR-FE, yàtọ̀. Bébà lásán ni fílítà rẹ̀ (04152-YZZA6), inú ilé tí ìdérí rẹ̀ ní okùn síkirù ló ń wọ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ lítà 4.2. Ìdérí náà, 25 N·m (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí i) péré ni wọ́n ń de é. Àwọn tó ń fi gbogbo agbára fà á ló ń fọ́ ọ. Páálí fílítà máa ń ní róbà tuntun nínú: ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe lo ti àtijọ́. Kí ẹ sì ṣọ́ ọ̀pá oníhò tó wà láàárín ilé náà. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń jù ú nù mọ́ bébà àtijọ́. Bí kò bá sí, bébà á wó mọ́ ara rẹ̀, ojúlówó ni o, ayédèrú ni o.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ibi tó ti ń rà á, kó gé èyí tó ti lò. Ẹ gbé e dojú dé kí ọ́ìlì ro dànù fún ọjọ́ kan. Ayùn irin tó bí ẹ bá kàn fẹ́ wo ìkọ́lé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ wá irin tó jẹ nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ lo irinṣẹ́ tó ń gé e bí ìṣígolo, kí eruku ayùn má baà tàn yín jẹ. Ẹ wo bóyá bébà ya, bóyá gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ ṣí, bóyá ọ̀pá àárín rẹ̀ wó. Ẹ fi ọ̀bẹ gé bébà kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà ìròyìn, ẹ fún ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi mágínẹ́ẹ̀tì kọjá lórí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn jẹ́ irin. Èyí tó ń dán tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó bá ní àwọ̀ bàbà, bẹ́ríǹ ni kí ẹ ní kí mẹkáníìkì yẹ̀ wò.