Díńgí tó yẹ̀ kọ́ ló ń ba ìyára afẹ́fẹ́ jẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ kiri pé bí díńgí inú ẹ̀rọ lésà tó ń wọn afẹ́fẹ́ bá yẹ̀ díẹ̀, irọ́ ni ìyára tó máa kà, kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ Doppler, èyí tó ń po ìmọ́lẹ̀ tó padà mọ́ ti lésà rẹ̀ kó lè mọ ìyára láti ara ìyàtọ̀ ìgbì wọn.

Agbára àmì ni díńgí tó yẹ̀ ń jẹ. Fún lésà tí ìgbì rẹ̀ gùn ní 1.55 µm, tí awò rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì fi igun kékeré 15 µrad yà síra, ìyẹn mílímítà kan àbọ̀ péré ní mítà 100, ti tó láti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àmì náà. Ẹ̀rọ á dákẹ́ ni, kò ní purọ́. Ẹ tàn án sára ògiri tó jìnnà, kí ẹ yí díńgí díẹ̀: àmì á lọ sílẹ̀, ìyára á ṣì wà ní 0.

Ìdúró ẹ̀rọ ló ń mú irọ́ wọlé. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sókè, tó fì ní dígírì 1 síhà ibi tí afẹ́fẹ́ 10 m/s ń fẹ́ lọ, á ka 0.17 m/s bíi pé afẹ́fẹ́ ń gòkè. Lẹ́fẹ̀lì ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Aeolus, sátẹ́láìtì Yúróòpù tó fi lésà wọn afẹ́fẹ́, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 2018, tó sì parí iṣẹ́ ní 2023, ló yàtọ̀. Ọ̀nà mìíràn ló gbà ka ìyára: bí igun tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé bá yí, èsì náà máa ń yí. Bóyá ibẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti ṣẹ̀ wá.