Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Lẹ́tà Baba Onílé

(Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní Mùṣin. Baba Onílé mú lẹ́tà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wá kí Tíṣà bá a wò ó.)

TÍṢÀ: Baba, ọ̀rọ̀ kan wà ní ìlà kẹta tó lè gbé yín dé ẹ̀wọ̀n. Ẹ ní ẹ ti lé ayálégbé yín jáde “forcibly”.

BABA ONÍLÉ: Òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀! Ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn.

TÍṢÀ: Ìtumọ̀ rẹ̀ náà kò jìnnà sí i. Tipátìkúùkù ni: kí a wọ́ ènìyàn síta nígbà tí òun kò fẹ́ lọ. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ó sì ní ẹni tó bá lé ayálégbé báyẹn, tàbí tó tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ lásán, lè san owó ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

BABA ONÍLÉ: Ṣé òfin náà dé Mùṣin?

TÍṢÀ: Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà ni ó yọ sílẹ̀.

BABA ONÍLÉ: Àwọn olówó náà ṣá ni! Ṣùgbọ́n ọmọ mi ka ìwé kan sí mi létí, níbi tí èrò kan ti lu ọkùnrin kan “forcibly”. Ta ni wọ́n mú?

TÍṢÀ: Èrò ọkàn ni wọ́n ń sọ, Baba: ó kàn wọ̀ ọ́ lọ́kàn gidigidi ni, ọlọ́pàá kì í sì í mú èrò ọkàn. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn líle nìkan ni ẹ fi bá ayálégbé yín sọ̀rọ̀, tí ẹ kò fọwọ́ kan òun tàbí ẹrù rẹ̀, “forcefully” ni kí ẹ kọ. Kí ni ẹ tilẹ̀ ṣe gan-an?

BABA ONÍLÉ: (ó wẹ̀yìn wò) Mo kan ilẹ̀kùn. Ó fún mi ní àga àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo rán an létí owó oṣù méje, mo sì dọ̀bálẹ̀.

TÍṢÀ: Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ayálégbé! Níbo ni ó wà báyìí?

BABA ONÍLÉ: Inú ilé mi ni. Òun ló yá mi ní bírò tí mo fi kọ lẹ́tà yẹn.

TÍṢÀ: “Forcefully” pàápàá kò bá a mu mọ́ nìyẹn.

BABA ONÍLÉ: Kí ni Òyìnbó ń pe tẹkúntẹkún?

TÍṢÀ: “Tearfully”.

BABA ONÍLÉ: Ẹ bá mi fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ wẹ́wẹ́.