Àtúnṣe: Eré àwọn àṣàyàn MLS kì í ṣe yẹ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí àwọn onílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo má fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò lórí eré àwọn àṣàyàn MLS, ìyẹn àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣà jọ láti inú líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pé kò sẹ́ni tó ń làágùn níbẹ̀, ẹgbẹ́ Yúróòpù ló máa ń nà wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Lóòótọ́, Arsenal fi ayò 5 sí òdo lù wọ́n ní 2023. Àmọ́ ẹ wo ti ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹjọ 2014. Lewandowski ló kọ́kọ́ gbá a wọlé fún Bayern Munich ti Jámánì. Wright-Phillips dá a padà fún àwọn àṣàyàn MLS, Landon Donovan sì gbá ìkejì wọlé fún wọn. Wọ́n ta Schweinsteiger ti Bayern, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife àgbáyé, ní ẹsẹ̀ débi pé ó fara pa. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìparí, Guardiola, kóòṣì Bayern nígbà náà, kọ̀, kò bọ Caleb Porter, kóòṣì àwọn àṣàyàn MLS, lọ́wọ́. Ìka ló ń jù sí i. Ṣé eré ọmọdé ló ń bí àgbà nínú tó báyẹn?

Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ilẹ̀ Amẹ́ríkà (NFL), tí wọ́n ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, lọ̀rọ̀ yín bá mu: láti 2023, àwọn àṣàyàn tiwọn kì í gbé ara wọn ṣánlẹ̀ mọ́ nínú eré wọn. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.