Ẹ Dá Àkókò Eré Ìdárayá Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Padà

Àṣẹ tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ pa lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí wọ́n yọ eré ìdárayá kúrò nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, kò bá wa lójijì. Ohun tó dùn wá ni pé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ìwé pé kí àwọn ọmọ máa ṣeré ìdárayá lójoojúmọ́. Ìgbà wo ni kí wọ́n ṣe é?

Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ fún eré tó ń mú kéèyàn mí hẹlẹ. Ìwádìí tí àjọ náà gbé jáde ní 2019 sì fi hàn pé nínú 100 ọmọ ọdún 11 sí 17 kárí ayé, ó lé ní 80 tí kò ṣe tó bẹ́ẹ̀, tàwọn obìnrin ló sì burú jù. Ìwọ̀nba tí ilé ìwé ń fún wọn lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n tún wá gbà yìí.

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí léraléra pé ilé ìwé gan-an ló ń kọ́ ọmọ láti kórìíra eré ìdárayá. Ọmọ pẹ́ dé, wọ́n ní kó sáré yí pápá ká. Ọmọ pariwo ní kíláàsì, wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ohun tí ẹ fi jẹ ẹ́ níyà láàárọ̀, ṣé ó lè wá wù ú lọ́sàn-án? Bí àkókò eré bá sì tó, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n á jù sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá á gbà á, àwọn yòókù á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wọ́n á máa ṣọ́ báàgì àti bàtà. Ọmọbìnrin tó ti fi ọdún mẹ́ta ṣọ́ báàgì, ìwé ara ògiri wo ló fẹ́ gbé e dìde?

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yan èyí tó wù ú: ijó ni o, okùn fífò ni o, ìrìn kíákíá ni o. Bó ṣe ṣe é lóṣù tó kọjá ni kí ẹ fi díwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó sáré jù. Kí olùkọ́ náà sì bọ́ sí pápá, kó yé jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú fèrè lẹ́nu.

Wọ́n ní ìdánwò ló jẹ àwọn lógún. Ó jẹ àwa náà lógún. Ṣùgbọ́n ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì fì sí ni pé àkókò tí a fún eré kì í fa èsì ìdánwò sẹ́yìn. A ti bi àwọn aláṣẹ lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n fi ẹ̀rí tiwọn hàn wá. Wọn ò fèsì. Wọ́n kàn buwọ́ lùwé ni.

Kí wọ́n fa ìwé àṣẹ náà ya kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, kí wọ́n sì kọ òmíràn tó fòfin de fífi eré ìdárayá jẹ ọmọ níyà. Èyí kò tiẹ̀ ní ná wọn lówó.