Ta ló ní kí áàpù gé gèlè kúrò lórí ìyá ẹni?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóde òní mọ̀ pé kò sí ìsìnkú àgbà, kò sì sí ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún, tí àwọn ọmọ kò ní béèrè fún fídíò tí a fi fọ́tò tò, láti ìgbà tí ìyá tàbí bàbá wọn ti wà ní ọ̀dọ́ títí dé òní, tí orin yóò máa dún lábẹ́ rẹ̀, tí a ó sì gbé e sójú amóhùnmáwòrán ńlá nínú gbọ̀ngán. Èmi kò bínú sí èyí, oúnjẹ òòjọ́ mi ni. Àwọn tí mo ń bínú sí ni àwọn tí ó ṣe áàpù tí ó ń sọ fọ́tò di fídíò lórí fóònù, nítorí pé wọ́n ti gbà lọ́kàn ara wọn pé àwọn ni wọ́n ni fọ́tò oní-fọ́tò, wọn kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe ohun tí ó wù wọ́n sí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ gèlè kọ́kọ́ sọ. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí fóònù ń yà ni ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 4,000 (àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí ó para pọ̀ di fọ́tò), tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 3,000, ṣùgbọ́n 1,920 sí 1,080 ni ojú amóhùnmáwòrán tí ó wọ́pọ̀, èyí tí ó fẹ̀ ju fọ́tò náà lọ bí a bá wo ìbú rẹ̀ mọ́ gíga rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mú wọn bá ara wọn mu: kí á fi ibi dúdú sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tàbí kí á fẹ fọ́tò náà títí yóò fi kún ojú rẹ̀, kí á wá gé òkè àti ìsàlẹ̀ dànù. Ọ̀nà kejì ni áàpù yìí máa ń yàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí fọ́tò bá wà ní ìbú, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a yà ní òòró, ó ju ìdajì lọ tí wọ́n sọ nù. Ẹ wá sọ fún mi, obìnrin Yorùbá wo ni ó múra lọ sí òde tí ó ní kí wọ́n ya òun ní ìbú? Òòró ni wọ́n ń dúró, kí gèlè, ìró, ìpèlé àti bàtà lè hàn pátápátá. Ohun tí áàpù wá gbé jáde ni léèsì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti pọ́ọ̀sì ọwọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kí wọ́n bẹ́ orí lọ. Mo fi ọ̀kan han àbúrò ìyá kan tí ó ṣaláìsí. Ó gba fóònù náà, ó fi ìka gbá a sókè bí ẹni pé ìyókù fọ́tò náà wà lókè níbẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó wá wò mí lójú, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, orí ẹ̀gbọ́n mi dà?” Kí ni kí n dá a lóhùn?

Bí mo bá ti wá ọ̀nà dá orí padà sórí ọrùn, wàhálà tí ó kàn ni pé fọ́tò kò gbọdọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Dandan ni kí ó máa rìn. Ọgbọ́n kí á máa sún mọ́ fọ́tò díẹ̀díẹ̀, èyí tí àwọn eléré fi orúkọ Ken Burns, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe fíìmù ìtàn, pè, dára púpọ̀ nígbà tí ènìyàn bá fi ojú ara rẹ̀ yan ibi tí a ó sún mọ́. Áàpù kò yan nǹkan kan. Ó fi ojú ìyá àgbà sílẹ̀, ó ń sún mọ́ kúlà tí wọ́n kó mínírà sí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni pé kúlà náà ni a fẹ́ sin.

Ìrìn yìí kan náà ni ó ń jẹ dátà mi. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ń lo ìlànà PAL fún amóhùnmáwòrán, fírémù 25, ìyẹn àwòrán 25 tí ń tẹ̀ lé ara wọn, ni à ń rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá fẹ́ kí fọ́tò kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 6, fírémù 150 tí wọn kò yàtọ̀ síra rárá ni. H.264, ọ̀nà tí a fi ń fún fídíò pọ̀ kí ó má baà wúwo, tí ó ti wà láti ọdún 2003, tí ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ MP4 tí à ń wò, ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú èyí: yóò tọ́jú fírémù àkọ́kọ́ ní odindi, lẹ́yìn náà yóò kàn máa sọ pé kò sí ohun tí ó yí padà. Fídíò bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó fúyẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fi agídí mú fọ́tò náà rìn, kò sí fírémù kan tí ó jọ èkejì mọ́, fáìlì wú, èmi ni mo sì ń ra dátà tí a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní Ìbàdàn àti Kánádà.

Àwọn ọmọ òkè òkun wọ̀nyí náà ní tiwọn. Láti 2017 tí iOS 11, ètò tí ń mú iPhone ṣiṣẹ́, ti jáde ni ọ̀pọ̀ iPhone ti ń tọ́jú fọ́tò gẹ́gẹ́ bí irú fáìlì tí a ń pè ní HEIC dípò JPEG tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó bá lajú a fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì lórí WhatsApp kí ó má baà ṣú bàìbàì, ó sì ṣe dáadáa. Áàpù yóò wò ó, yóò ní òun kò mọ irú fáìlì yìí rí. Lẹ́yìn ọdún mélòó?

Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà yóò ní kí n lo FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe fídíò. Mo mọ̀ ọ́n. Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, ọ̀fẹ́ ni, kì í lẹ àmì kankan mọ́ iṣẹ́ ẹni, VLC tí gbogbo wa fi ń wo fíìmù pàápàá ń lò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní bọ́tìnì kan tí a ó tẹ̀, àṣẹ ni a ó máa kọ sí i lẹ́tà lẹ́tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tí wọ́n wà ní àdúgbò Under-G lè ṣe é. Ayàwòrán tí ó jókòó sí àdúgbò Tàkìé, tí oníbàárà mẹ́rin dúró sí i lọ́rùn, kò ráyè rẹ̀. Síbẹ̀ n óò yìn ín fún ohun kan. Bí gíga fọ́tò bá jẹ́ 1,081, tí kò ṣeé pín sí méjì géérégé, tí H.264 sì kọ̀ ọ́, FFmpeg yóò sọ ọ́ fún ẹ pé kò ṣeé pín sí méjì. Áàpù orí fóònù yóò jẹ́ kí bátìrì tán dé ìdajì, kí ó tó kọ ọ́ pé iṣẹ́ kò yọrí. Kí ló fà á? Kò sọ.

Ní ti owó, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán ni ènìyàn yóò rí orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ní igun fídíò, ní ẹ̀gbẹ́ ojú olóògbé, tí yóò máa tàn yinrinyinrin títí orin yóò fi parí. Bí mi ò bá fẹ́ ẹ, kí n san dọ́là lóṣooṣù. Iṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, owó náírà, ẹ ní kí n san dọ́là!

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àkọlé. Nínú Unicode, ìlànà tí ó fún lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà, ọ alámì ìsàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣ náà ní, ṣùgbọ́n ọ́ tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a máa ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí, ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì náà (ìrísí lẹ́tà) sì gbọ́dọ̀ ti pèsè ibi tí yóò jókòó sí. Wọn kò pèsè nǹkan kan. Kọ Ògbómọ̀ṣọ́ sínú rẹ̀ kí o wò ó: àpótí òfìfo ni yóò jáde, tàbí kí àmì fò kúrò lórí ọ lọ sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Áàpù kan náà yìí ní oríṣiríṣi lẹ́tà tí ń jó, èyí tí ń tú òdòdó, èyí tí iná ń jó lára rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Nítorí pé n kò lè kọ orúkọ ìdílé ènìyàn ní ìkọkúkọ sójú gbogbo ìjọ, mo máa ń kọ àkọlé náà sórí kọ̀ǹpútà, n óò sọ ọ́ di fọ́tò, n óò gbé e wọ inú áàpù bí fọ́tò. Kí ni ó ṣe? Ó gé òkè rẹ̀ dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sún mọ́ àárín rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni oníbàárà yóò dé, tí yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí fọ́tò lásán ni, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ kó di fídíò,” tí yóò sì na owó tí kò tó owó dátà sí mi. N kò dá a lẹ́bi tán. Ìpolówó ni ó wò, níbi tí ìka kan ti kan ojú fóònù tí fídíò sì jáde, tí gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ òyìnbó ní etí òkun, ní ìbú gbogbo wọn, láìsí gèlè, láìsí ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì lórí. Kí àwọn tí ó ṣe ìpolówó náà wá bá mi ní Tàkìé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ẹbí bá ti kó fọ́tò wọn dé, tí ìsìnkú sì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì wọn ọ̀hún lójú mi.