Ọmọ tó bú sẹ́kún ní kíláàsì mi
Àwọn kan bi àwa olùkọ́ bóyá ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ kìlọ̀ kó tó ka ìtàn tó lè rán ọmọ létí ìbànújẹ́ rẹ̀. Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní 2016 pé àwọn ò fara mọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Tiwọn nìyẹn. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ni ní Òṣogbo níbí. Lọ́jọ́ kan a kà dé ibi tí ọkọ̀ ti pa bàbá kan, ni ọmọbìnrin kan bá bú sẹ́kún. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n sin bàbá tirẹ̀. Ẹnu mi wọhò. Ṣebí àwa náà kì í ṣàdédé túfọ̀ féèyàn? A ó kọ́kọ́ ní kó jókòó ná. Gbólóhùn ìkìlọ̀ kan péré ni mo máa ń sọ báyìí kí n tó ṣíwèé. N kì í fo ojú ewé kankan o, WAEC lè béèrè ibẹ̀.